Tọ́ọ̀ṣì ilé gàrí: iṣẹ́ ọwọ́ tí mo ń ṣe fún màámi

Ọjọ́ kìíní

Ilé gàrí màámi wà lẹ́yìn ilé wa níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n máa ń dáná, torí wọ́n fẹ́ ti yan àgbàdà mélòó kan kí oòrùn tó là. NEPA kì í sábà mú iná wá nírú àkókò yẹn. Tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn ni wọ́n ń lò, wọ́n á gbé e ti òpó, èéfín á sì máa rọ́ lù ú. Lóṣù tó kọjá, fóònù náà já bọ́ sínú àgbàdà. Màámi fi igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí gbé e jáde, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n ní kò sí wàhálà. Èmi tí mo rí i ni ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń fi wáyà àti bátìrì dárà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe fún wọn ni tọ́ọ̀ṣì tí fóònù lè darí láìsí okùn kankan láàárín wọn: kí n jókòó síbi kan, kí n máa fi fóònù yan bí iná ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, irú àwọ̀ tó máa ní, àti ìgbà tó máa kú fúnra rẹ̀.

ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju ẹyọ ṣíìpù kan lọ, ni mo fi ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Espressif ní Shanghai, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ló gbé e jáde lọ́dún 2016. Wi-Fi àti Bluetooth jọ wà nínú rẹ̀ ni. Mo mú Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní BLE, torí Wi-Fi máa ń mu bátìrì gan-an, kò sì sí router nílé gàrí.

Bátìrì, mo rí i lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó fún mi ní bátìrì laptop kan tó ti kú. Nígbà tí mo tú u, ẹyọ 18650 mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an ni ìwọ̀n rẹ̀: mìlímítà 18 ní fífẹ̀, mìlímítà 65 ní gígùn. Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná wọ̀n wọ́n. Méjì ka 3.6V, ọ̀kan ka 3.4V, mẹ́ta tó kù ò tó 2V. Àwọn mẹ́ta yẹn, mo kó wọn sọ́tọ̀, mi ò ní lò wọ́n láéláé. Bátìrì lithium tó bá ti wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè gbaná nígbà tí èèyàn bá ń ṣáàjì rẹ̀, ibi tí igi ìdáná àti ìyá mi wà ni nǹkan yìí sì ń lọ.

Ọjọ́ kẹfà

Ẹrù tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà, pẹ́ kó tó dé. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó ló kún fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àtaṣọ ẹgbẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó ráyè gbé páálí kékeré tèmi.

Nígbà tó dé, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí pátákó. LED, ìyẹn gílóòbù kékeré tó ń mú ìmọ́lẹ̀ wá, tàn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ aláìlera ni. Mo ní kí ó tàn dé òpin, kò yàtọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, MOSFET tó ń ṣí iná tó sì ń tì í ti gbóná débi pé mi ò lè fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá àléébù yìí nínú kóòdù mi.

Ara MOSFET náà ló wà. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sórí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára: IRFZ44N. IRLZ44N ni mo sanwó fún. Lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n, F àti L, ṣùgbọ́n èyí tó ní L máa ń ṣí tó fún LED mi pẹ̀lú 3.3V tí ESP32 ń rán jáde. Èyí tó ní F ń retí bíi 10V kó tó ṣí tán. Ó dà bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí díẹ̀ tí èrò sì ń fún ara wọn kọjá: ooru ò ní ṣàì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ ka ara rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á fún yín.

Ọjọ́ kẹwàá

IRLZ44N ti dé. Iná mọ́ kedere. Mo tún fi resistor 10k, ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù, so ẹsẹ̀ tó ń gba àṣẹ lára MOSFET mọ́ ilẹ̀, ìyẹn ẹnu òdì bátìrì, kí LED má baà máa ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ nígbà tí ESP32 bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

Kí n tó sùn, nǹkan mìíràn yọjú. Gbogbo ìgbà tí Bluetooth bá fẹ́ ṣí, ESP32 á kú, á tún padà jí, ó sì ń kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà mi pé iná tó ń wọlé ti lọ sílẹ̀ jù. Bátìrì yìí, bó kún dẹ́nu, 4.2V ni. AMS1117, ẹ̀yà tó ń sọ iná tó ń wọlé di 3.3V lórí pátákó ESP32, sì nílò nǹkan bíi 1.1V lé lórí 3.3V kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ ṣírò rẹ̀, 4.4V ni. Kò lè tó láé. Mo fi MT3608 gbé iná bátìrì sókè sí 5V, wàhálà náà sì dópin.

Ọjọ́ kejìlá

Lónìí, ojú èèyàn ni mo fi gbogbo ọjọ́ rò. ESP32 kì í dín iná kù ní ti gidi, ṣe ló ń pa á tó sì ń tàn án, ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú á wá rò pé ó rọlẹ̀. Òǹkà 0 sí 255 ni mo kọ́kọ́ lò. Láti 200 dé 255, ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n láti 1 bọ́ sí 2, iná ti di ìlọ́po méjì, èèyàn á sì rí i pé ó fò. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló sì ṣe pàtàkì fún mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ní aago mẹ́rin kò nílò iná tó máa gún un lójú.

Mo wá yí òǹkà náà sí 0 dé 4095, mo sì jẹ́ kí kóòdù máa fi agbára 2.2, ìṣirò tó sún mọ́ bí ojú ṣe ń rí ìmọ́lẹ̀, ṣírò ohun tí fóònù bá béèrè. Tí fóònù bá ní kó tàn dé ìdajì, 891 ló ń lọ sínú ẹ̀rọ, kì í ṣe 2,047. Mo pa fìtílà yàrá, mo ń fa ìlà ojú fóònù díẹ̀díẹ̀ láti òdo. Iná náà yọ bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá, inú mi dùn gan-an ni.

Áàpù fóònù, MIT App Inventor, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe áàpù, ni mo fi ṣe é. Ìlà kan tí a ń fà, bọ́tìnì méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹtàlá

Ìdánwò àkọ́kọ́ nílé gàrí. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ òpó, mo jókòó sórí àpò pákí tí wọ́n ti fi jáàkì fún. Màámi yan àgbàdà kan tán, wọ́n bu díẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n fi ìka rà á, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n tún gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà.

“Ìmọ́lẹ̀ rẹ yìí ń purọ́ fún mi,” ni wọ́n wí. “Gbogbo gàrí ló funfun lábẹ́ rẹ̀.”

Mo lọ wo èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Lábẹ́ iná LED mi, gàrí náà funfun báláú. Níwájú iná ìdáná, ó ti pọ́n létí. Gàrí Ìjẹ̀bú kò ní epo pupa nínú. Funfun rẹ̀, kíkan rẹ̀ àti bó ṣe kúnná ni àwọn oníbàárà fi ń mọ̀ ọ́n. Àgbàdà kan tó bá pọ́n lè ba gbogbo àpò jẹ́. LED tí mo lò, 6500K ni (K ni òǹkà tí a fi ń mọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), iná rẹ̀ ń fà sí àwọ̀ aró, kò sì jẹ́ kí pípọ́n hàn. Mi ò ronú kan èyí rí. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ni mo ń lé kiri, ohun tí màámi sì nílò ni ìmọ́lẹ̀ tó máa fi àwọ̀ gàrí hàn bó ṣe rí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo fi LED kejì kún un, ti 3000K, iná rẹ̀ pupa rúsúrúsú bíi ti àtùpà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní MOSFET tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀ lójú fóònù. Mo padà sílé gàrí ní ìdájí.

Ibí yìí ni fóònù ti wúlò jù lọ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ màámi wà lẹ́nu iṣẹ́, ojú wọn wà nínú àgbàdà, èmi sì ń fa ìlà.

“Fi pupa yẹn kún un. Ó tún kù. Ó ti pọ̀ jù. Dín funfun kù. Rárá, má pa á tán, mi ò ní rí ìdọ̀tí. Hẹn-ẹ́n. Hẹn-ẹ́n! Má fọwọ́ kàn án mọ́ o.”

Mo wo ojú fóònù: pupa 65, funfun 20. Mo tẹ bọ́tìnì tó ń tọ́jú òǹkà sínú ESP32, kó má baà gbàgbé bí iná bátìrì bá tilẹ̀ tán. Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnì ara tọ́ọ̀ṣì ni màámi ń tẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, 65 àti 20 ló ń jáde. Wọn ò ní láti mú fóònù kankan dání, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó rí. Tọ́ọ̀ṣì tó bá ń dúró de fóònù kó tó tàn kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì lójú mi.

Ọjọ́ kejìlélógún

Àbúrò mi gba áàpù kan tí wọ́n ń pè ní nRF Connect, tó ń wá ohun tó ń lo Bluetooth nítòsí tó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, sórí fóònù rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó sì pa iná mọ́ màámi lórí níbi tí àgbàdà ti ń gbóná. Mo bá a wí gidigidi. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu: ẹnikẹ́ni tó bá súnmọ́ ọn ló lè pàṣẹ fún un. Mo ti fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníka mẹ́fà sí i báyìí, fóònù tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè wọlé.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo ṣáàjì rẹ̀ tán nírọ̀lẹ́ Sunday. Ní ìdájí Tuesday, kò tàn. Bẹ́ẹ̀ màámi ò sì lò ó lọ́jọ́ Monday. Mo fi mítà sí i: bí LED tilẹ̀ ti kú, 80mA ni Bluetooth àti pátákó jọ ń mu (mA ni òǹkà iná tó ń ṣàn). Bátìrì mi, 2,000mAh, ìyẹn 2,000mA fún wákàtí kan, kò lè kọjá wákàtí 25.

Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo yọ pátákó, mo lo ESP32 ẹyọ lásán tí kò ní ẹnu USB àti iná pupa kékeré tó máa ń tàn lára pátákó, mo yọ MT3608 náà, mo fi ME6211, tó ń ṣe iṣẹ́ AMS1117, rọ́pò, torí òun kò nílò kí iná bátìrì ga púpọ̀ ju 3.3V lọ. Mo wá kọ kóòdù kí ESP32 máa sùn wọra bí iná bá ti kú. Bluetooth ò ní ṣí àfi tí a bá di bọ́tìnì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjì ló sì máa fi wà ní ṣíṣí. Mítà mi ka 0.05mA nígbà tó sùn. Tó bá tàn sí 65 àti 20, nǹkan bíi 240mA ló ń mu, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ, ìdájí méjì fún màámi.

Ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n

Mo kó o sínú tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tó jẹ́ aluminiomu, ó rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n fóònù ò rí i mọ́ tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kúrò níbẹ̀, torí irin ń dí ìgbì 2.4GHz lọ́nà. Mo padà lo pọ́ìpù omi PVC. Awẹ́ aluminiomu kan péré ni mo gé sẹ́yìn LED, kó lè máa gba ooru.

Ọjọ́ kọkàndínlógójì

Ìdájí mẹ́rin léraléra ni màámi ti fi yan gàrí lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣe ọ̀kan fún ìyá tó wà ní ilé kejì, ṣùgbọ́n kí n wá jókòó tì wọ́n náà kí n tó mú òǹkà, torí ojú tiwọn kò rí bí ojú tàwọn. Ìyẹfun pákí ti ń wọ ẹnu ibi tí a ti ń ṣáàjì rẹ̀. Mo ti rí tíúbù kẹ̀kẹ́ kan tó ti bẹ́, màá gé e ṣe ìdérí fún un ní Sátidé.