Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ ní Ilé Ìhunṣọ Àtijọ́ Kan ní Wales

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ fi títọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ṣe iṣẹ́, mo fẹ́ ròyìn àṣìṣe kan fún yín, èyí tí ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀ pé àṣìṣe ni. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Wales, wọ́n rán mi lọ sí ilé kan ní ìgbèríko, ní àfonífojì odò Teifi, níbi tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ láyé àtijọ́, pé kí n ṣe àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀. Bí mo ti wọlé ni mo dojú kọ àwọn ẹ̀rọ: èyí tí wọ́n fi ń ya irun, èyí tí wọ́n fi ń ran òwú, àti òfì onírin mẹ́rin tí ìpẹtà ti bò. Ọmọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni mí. N kò rò pé ẹnì kan wà nílùú òyìnbó tí yóò kọ́ mi ní ohun tí òfì jẹ́. Mo wọn gbogbo wọn, mo ya àwòrán wọn, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà.

Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń bójú tó iṣẹ́ wa ka ìwé mi tán, kò bá mi wí, ó kàn bi mí pé, “Níbo ni omi ti ń wọlé?” N kò mọ̀. N kò tilẹ̀ tíì dé ẹ̀yìn ilé náà.

Ní ọjọ́ kejì, mo wọ bàtà rọ́bà, mo sì tọ ipa omi gòkè. Kòtò tóóró kan ni, tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi òkúta sé odò kékeré kan, nǹkan bí ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé náà. Odò ń sáré sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́ kòtò yìí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, débi pé nígbà tí àwọn méjèèjì bá fi dé ẹ̀yìn ilé, omi inú kòtò ti ga ju omi odò lọ dáadáa. Láti òkè yẹn ni omi ti ń já lu àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá, tí ó sì ń yí i. Ihò onígun mẹ́rin kan wà lára ògiri ìsàlẹ̀, tí mo ti kọ “fèrèsé” sí lórí àwòrán mi. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kan etí rẹ̀ láti ìta, mo rí i pé òkúta ibẹ̀ ti jẹ, ó sì ti dán, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pá tí ó ń gbé agbára kẹ̀kẹ́ wọ inú ilé gbà. Láti ojú ihò yẹn ni gbogbo ilé náà ti yé mi: ìdí tí iṣẹ́ tí ó wúwo jù fi wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá kẹ̀kẹ́, tí ìran òwú fi wà lókè, tí pápá gbalasa kan sì fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí.

Ilé tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ tí ó wúwo yẹn ni wọ́n ń pè ní pandy ní èdè Welsh. Aṣọ irun àgùntàn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì kì í ki. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi pẹ̀lú ìtọ̀ tí ó ti kan (bẹ́ẹ̀ ni, ìtọ̀ ènìyàn, tí wọ́n ń gbà láti ilé dé ilé), nítorí pé ó ń fọ òróró kúrò lára irun. Òòlù onígi ńlá tí omi ń gbé sókè yóò sì máa gún un bí ẹni ń gún iyán, títí tí yóò fi súnkì, tí yóò sì ki. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ìkọ́ na án mọ́ igi ní pápá títí tí yóò fi gbẹ. Deintur ni igi náà ń jẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ abúlé kankan níbẹ̀, ẹ ka orúkọ ilẹ̀ lórí máàpù: pandy wà nínú Tonypandy, felin, ìyẹn ọlọ, wà nínú Felindre, bẹ́ẹ̀ ni pápá tí ó bá ń jẹ́ cae deintur ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín.

Dre-fach Felindre, ní Carmarthenshire, ni ẹ ti lè rí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn odò kéékèèké tí ó ń já sí Teifi ni ó kó àwọn ahunṣọ jọ síbẹ̀, àwọn awakùsà èédú gúúsù Wales tí wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì flannel (aṣọ irun àgùntàn tí ó rọ̀) sì ni oníbàárà wọn. Ọkọ̀ ojú irin dé Henllan nítòsí ibẹ̀ ní 1895. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba ń ra flannel àti búláńkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ogun parí ní 1918, èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ìjọba kún ọjà, iye owó aṣọ já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìhunṣọ sì ti ilẹ̀kùn. Cambrian Mills, ilé ìhunṣọ kan níbẹ̀, jóná ní 1919, wọ́n tún un kọ́, inú rẹ̀ sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà láti 1976.

Ilé ìhunṣọ mìíràn, Esgair Moel, ni wọ́n tú ní òkúta-òkúta kúrò ní Llanwrtyd ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tí wọ́n sì tún tò sí St Fagans, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìta gbangba kan lẹ́bàá Cardiff. Mo yìn wọ́n, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti wó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, odò rẹ̀ ni mo ń wá.

Ìbéèrè kejì tí ìyá yẹn bi mí ni, “Ta ni ó wọ aṣọ náà?” Ní àwọn ọdún 1700, ní Montgomeryshire àti Merioneth, àwọn àgbẹ̀ ń hun aṣọ líle kan nínú ilé wọn, tí wọ́n ń pè ní Welsh plains. Àwọn oníṣòwò Shrewsbury, ìlú kan ní England, ń rà á, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì lọ sára àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú sí oko ní Caribbean àti Amẹ́ríkà. N kò gbọ́ èyí rí nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé nípa òwò ẹrú. Síbẹ̀, ìtàn ilé tí mo ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, n kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé náà nítorí pé ó dùn ún sọ.

Nígbà tí mo tún ìwé mi kọ, àwòrán kòtò omi ni mo fi ṣáájú, mo pa “fèrèsé” rẹ́, mo sì fi ojú ewé kan sílẹ̀ ní ìparí fún àwọn tí ó ra aṣọ ilé náà. Ojú ewé yẹn ṣì ṣófo. Àpótí ìwé ìṣirò owó wọn wà lókè àjà ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wọn òfì. Òjò ti bà á jẹ́ kí n tó béèrè.