Ológbò méjì, adìyẹ mẹ́rìnlá, àgbàlá kan: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé

Oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kejì

Eku ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní sítọ́ọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé wa lọ́nà Ìlobù nílùú Òṣogbo níbí, ibẹ̀ ni mò ń kó àgbàdo àti fíìdì adìyẹ sí, nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Kẹsàn-án kò sí báàgì kan tí wọn ò tíì dá lu, mo bá gbé báàgì sókè àgbàdo á máa dà nílẹ̀ látìdí ẹ̀, ìgbẹ́ eku nínú omi adìyẹ, ìtọ̀ eku lára ògiri. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní kí n ra oògùn eku. Mo kọ̀, torí adìyẹ mi kì í ṣe adìyẹ inú kéèjì, gbogbo àgbàlá ni wọ́n ń jẹ̀ kiri, tí wọ́n bá sì rí eku tó jẹ májèlé kú síbì kan wọ́n máa ṣá a jẹ ni. Mi ò sì lè fojú kékeré wo eku tó ń ṣu sórí oúnjẹ. Ibà Lassa tá à ń gbọ́ yìí, láti 1969 tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ nílùú Lassa ní Borno lọ́hùn-ún, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e kiri. Ìyàwó mi tún wà nínú oyún.

Mo wá lọ gba ọmọ ológbò méjì lọ́wọ́ ìyá aláta kan lọ́jà Olúòdé, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìyá kan náà ló bí wọn. Músù lakọ, ó nílà lára bí ẹkùn. Dúdú labo. Màámi ò fẹ́ Dúdú rárá, ẹ mọ báwọn àgbà ṣe ń wo ológbò dúdú, wọ́n ní, "Ṣé èyí tó láwọ̀ míì ò sí níbẹ̀ ni?" Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ìdí tí mo fi mú méjì ni pé ọmọ ológbò tó bá lẹ́nìkejì, òun ló máa bá ja ìjàkadì, kò ní máa wá adìyẹ tó máa fi ṣeré.

Adìyẹ mi jẹ́ mẹ́rìnlá: àkùkọ kan, Noiler mẹ́fà (irú adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin), ìyókù jẹ́ ìbílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọ̀pìpì.

Ìparí oṣù Kẹwàá

Mi ò tú wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Kéèjì ehoro àtijọ́ kan wà nílẹ̀, inú ẹ̀ ni mò ń kó wọn sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, màá gbé e sáàárín àgbàlá fún bíi wákàtí kan, ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gbogbo adìyẹ ló yí kéèjì ká tí wọ́n ń kígbe. Nígbà tó fi máa dọjọ́ kẹfà kò sẹ́ni tó tún wojú ara wọn mọ́, ológbò ń sùn, adìyẹ ń da yẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ kọkànlá ni mo ṣílẹ̀kùn kéèjì, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun yó. Ọ̀pìpì ti ń sàba nígbà yẹn, ó kàn sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun ni. Músù rí i. Ó rápálá, ikùn ẹ̀ ń wọ́ ilẹ̀, ṣóńṣó ìrù ẹ̀ nìkan ló ń mì. Ọ̀pìpì ò níyẹ́ apá tó lè gbé e dé orí odi, àmọ́ ó wú, ó wú títí ó fi dà bí agbọ̀n, ó dúró, ó jẹ́ kí Músù sún mọ́ òun dáadáa, ó wá fò mọ́ ọn, ó fẹnu gún un nímú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín bí orí abẹ́rẹ́ yọ lórí imú ẹ̀, ó sá lọ sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, kò jáde títí ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà tí Músù bá fẹ́ kọjá níbi tí Ọ̀pìpì wà ó máa yà gba ẹ̀gbẹ́ odi. Èmi gbà pé ẹ̀kọ́ tí adìyẹ fúnra ẹ̀ kọ́ ológbò nígbà tó ṣì kéré, èèyàn ò lè fi pàṣán kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gba ológbò tó ti dàgbà.

Eku sítọ́ọ̀ ti ń dín kù. Mo rí òkú mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ Friday.

Oṣù Kọkànlá

Ẹyin mọ́kànlá ni Ọ̀pìpì sàba lé, ọjọ́ kọkànlélógún pé, ó pa mẹ́sàn-án. Ayọ̀ kún ilé. Kó tó pé ọjọ́ márùn-ún, ó ti ku mẹ́fà.

Màámi ò bínú, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló dùn mí: "Mo sọ fún ẹ. Ṣé ológbò la á gbé ẹran fún pé kó bá wa ṣọ́ ọ ni?" Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ." Àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún èmi náà ń fura sí Dúdú.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń ti ológbò méjèèjì mọ́ kíṣìnnì tílẹ̀ bá ti ṣú, màá ka òròmọdìyẹ lálẹ́, màá tún kà wọ́n láàárọ̀, màá kọ ọ́ sínú fóònù. Alẹ́ àkọ́kọ́, mẹ́fà, àárọ̀, mẹ́fà. Alẹ́ kejì, mẹ́fà. Àárọ̀, márùn-ún. Ológbò sì wà nínú kíṣìnnì, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ilé adìyẹ, ibẹ̀ ni mo ti rí ihò kan lábẹ́ pákó ẹ̀yìn, ihò tó dán lẹ́nu bí ibi tí nǹkan ti ń gbà wọlé jáde lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ kan péré ló kù síbẹ̀, ó kéré ju igi ìṣáná lọ. Eku ni. Eku kan náà tó ń jẹ fíìdì. Wáyà tí mo lò nílé adìyẹ yẹn, ojú ẹ̀ gbòòrò débi pé àtàǹpàkò mi ń wọ̀ ọ́, ó lè dá adìyẹ dúró, kò lè dá eku dúró.

Lọ́jọ́ kẹta sí i, Saturday, ojú wa báyìí ni àwòdì ṣe já wá gbé ìkan lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, ìgbà yìí ni wọ́n ń pọ̀ lójú ọ̀run Òṣogbo. Màámi wà níbẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wọlé lọ gbé orí ẹja wá fún Dúdú.

Àmọ́ mi ò ní torí ìyẹn sọ pé ológbò ò lè pa òròmọdìyẹ. Ó lè pa á dáadáa. Adìyẹ tó ti dàgbà, ológbò kì í sábà yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ nǹkan kékeré tó ń sáré tó ń ké ṣíọ̀ ṣíọ̀, ológbò ò lè rí ìyẹn kó mú ara dúró, mo rí Dúdú tó dúró tí wáyà tí ẹnu ẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò bá a jà. Èmi ló yẹ kí n kọ́lé tó dáa.

Oṣù Kejìlá

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló gbà mí. Mo ra wáyà ojú kéékèèké lọ́jà Ìgbóná, èyí tí ojú ẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ íńṣì, ọmọ ìka mi ò lè wọ̀ ọ́. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa bá mi gé pákó, èmi ni mo kàn án. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀, mẹ́ta sókè. Mo gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká dé ẹsẹ̀ bàtà kan, mo ri wáyà sínú ẹ̀, mo wá tẹ ìdí wáyà náà síta kó má dúró gbọọrọ, torí ìdí ògiri ni eku ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀, tó bá kan wáyà níbẹ̀ kì í ronú láti lọ sẹ́yìn kó tó wà á. Páànù ni mo kọ́kọ́ fi bo gbogbo òkè ẹ̀, ọ̀sán kan péré ni mo wò, òròmọdìyẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo tú ìdajì kúrò, mo fi wáyà sí i, mo wá to imọ̀ ọ̀pẹ lé e. Atẹ́gùn ń wọlé, àwòdì ò sì rí wọn.

Oúnjẹ ológbò ti kúrò ní àgbàlá. Mo gé ihò kékeré sí ìdí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, mo so awẹ́ rọ́bà mọ́ ọn, ológbò ń forí tì í wọlé, adìyẹ ò gbìyànjú ẹ̀. Báàgì fíìdì ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù olómorí. Panla tàbí ṣàwá bíbọ̀ ni mò ń fún wọn, mi ò kí ń fún wọn ní ẹja tútù, torí nǹkan kan wà nínú àwọn ẹja kan bíi ṣàwá tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara ológbò, iná ló ń pa á. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń jẹun, kí n tó ṣílẹ̀kùn fádìyẹ.

Ìgbẹ́ wọn náà, mo gbé bàsíà yẹ̀pẹ̀ sí ìdí sítọ́ọ̀, mò ń kó o lójoojúmọ́, mi ò kí ń jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì. Kòkòrò toxoplasma tó máa ń wà nínú ẹ̀ kì í lè ranni lójú ẹsẹ̀, ó máa ń gbà á tó ọjọ́ kan sí márùn-ún. Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá, torí oyún inú ẹ̀.

Mo ti fún gbogbo adìyẹ ní àjẹsára lúkúlúkú (àìsàn Newcastle) kọ́yẹ́ tó dé. Kò sóhun tí mo fẹ́ sọ lórí ìyẹn ju pé kẹ́ ẹ má pẹ́ ẹ, láti 1952 sí 1953 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀ nítòsí Ìbàdàn, ìgbà ọyẹ́ náà ló ṣì fi ń pa adìyẹ wa. Adìyẹ tó bá kú lójijì, mi ò ní jù ú fún ológbò láé, ẹ rántí àìsàn adìyẹ tó wọ Nàìjíríà ní 2006, H5N1 yẹn, ológbò tó bá jẹ adìyẹ tó ní in lè kó o. Mo ń rì í mọ́lẹ̀ ni.

Oṣù Kìíní, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Èyí ló ṣòro jù fún mi láti kọ. Mo ń fọwọ́ pa Músù lórí, ọwọ́ mi kan nǹkan gbàráwù gbàráwù létí etí ẹ̀, mo gbé e síbi oòrùn, àwọn nǹkan dúdú kéékèèké ni, wọ́n tò pọ̀ wọ́n sì fẹnu gún inú awọ, wọn ò fò, wọn ò rìn. Mo wo ogbe àwọn adìyẹ, òun náà ló wà níbẹ̀. Irú eégbọn tó ń lẹ̀ mọ́ ara adìyẹ ni, ó sì máa ń gùn lọ sára ológbò.

Mo lọ ra pàúdà níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran. Wọ́n ní gbogbo ẹran ni wọ́n ń lò ó fún. Mo bù ú sí ilé adìyẹ, mo fi ra adìyẹ lára, mi ò rántí pé orí àkéte tó wà níbẹ̀ ni Dúdú máa ń sùn lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, Dúdú ń gbọ̀n. Iṣan ojú ẹ̀ ń fà, etí ẹ̀ ń ta, ó fẹ́ rìn ó ṣubú. Mo pe dọ́kítà ẹranko, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike yẹn fún mi." Permethrin, oògùn apakòkòrò. Ó ní kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo wẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí n fi aṣọ wé e, kí n máa gbé e bọ̀. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè tú permethrin palẹ̀ bíi ti ajá tàbí ti adìyẹ. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún un, mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó lá omi. Ọjọ́ kẹta ó jẹ ẹja.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ológbò àti adìyẹ bá ń gbé pọ̀, ẹ má wo oògùn bí oògùn adìyẹ nìkan. Gbogbo ibi tí adìyẹ ń sùn lológbò náà ń fara kàn. Mo fọ gbogbo pàúdà yẹn kúrò, mo kó koríko ilé adìyẹ jó. Ti etí Músù, Vaseline ni mo fi ra á, ẹ̀mú kékeré ni mo fi ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́rin.

Ìparí oṣù Kìíní

Àwọn òròmọdìyẹ mẹ́rin tó kù ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n ti tóbi ju àdàbà lọ. Láàárọ̀ àná, lẹ́yìn tí ológbò jẹun tán, mo ṣílẹ̀kùn ilé wáyà, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ọ̀pìpì ló kọ́kọ́ jáde, àwọn ọmọ ẹ̀ tẹ̀ lé e. Dúdú wà lórí dúrọ́ọ̀mù, ó ń wò wọ́n, ìrù ẹ̀ ò mì. Àkùkọ kékeré inú wọn lọ dúró sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù gan-an, ó gbójú sókè wò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Màámi yọjú lójú fèrèsé kíṣìnnì, wọ́n ka àwọn ọmọ náà, wọ́n tún wọn kà. Lálẹ́ àná, mẹ́rin. Láàárọ̀ òní, mẹ́rin.