Ẹ Wo Ẹṣin, Ẹ Wo Ẹni Tó Dúró Tì Í: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Dókítà Ẹran

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹran, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi Ìlọrin ṣe ibùdó lẹ́yìn tí ẹ bá jáde, iṣẹ́ ẹṣin ò jọ ti màlúù rárá. Ẹni tó fa màlúù wá bá yín, iye tí alápatà máa san ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó fa ẹṣin wá, ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kì wá: Ìlọrin ò l'éégún, ẹṣin l'eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ l'orò ibẹ̀. Ìlú tó bá fi ẹṣin ṣe eégún, ẹ ò lè máa wo ẹṣin ibẹ̀ bí ẹran ọjà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ni pé ìfẹ́ tí èèyàn ní sí ẹṣin wà lára ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò. Òun ló máa ń sọ fún yín ohun tó ń ṣe ẹṣin kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Òun kan náà ló sì máa ń fẹ́ pa á.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe ń wo bọ́ọ̀lù, ẹṣin eré ìje lèmi ń wò. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ìgbésí ayé ẹṣin olókìkí wà lákọsílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i: ta ni baba rẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀, ìje wo ló kọ́kọ́ sá, ẹsẹ̀ wo ló dùn ún, kí ló pa á. Tiwa níbí, bí ẹṣin bá kú, àwọn tó tọ́jú rẹ̀ nìkan ló mọ ìtàn rẹ̀. Bí àwọn náà bá lọ, ó parí.

Ẹ̀yà tí mò ń sọ ni Thoroughbred. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ fún eré sísá. Akọ ẹṣin mẹ́ta tí wọ́n kó wọ̀lú láti ìhà ìlà oòrùn, Byerley Turk, Darley Arabian àti Godolphin Arabian, ni ìran baba gbogbo wọn ti ṣẹ̀, láti ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e. Ọdún 1791 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìran wọn. Títí dòní, ọmọ tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gbìn sínú ìyá rẹ̀ kò lè wọ inú ìwé yẹn, akọ gbọ́dọ̀ gun abo fúnra rẹ̀. Àwọn ẹṣin tó ń jó lójú ààfin Ẹ́míà lọ́jọ́ dọ́bà, ìyẹn ìwọ́de ẹṣin ìgbà Sálà, kì í ṣe ti ẹ̀yà yìí, òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ṣùgbọ́n ọkàn lọkàn, ìfun nìfun, pátákò ni pátákò.

Ẹ jẹ́ kí n mú Secretariat, ẹṣin eré ìje ilẹ̀ Amẹ́ríkà, torí òun ni gbogbo èèyàn mọ̀. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1973, ó sá ìje Belmont ní New York, ọ̀nà tó tó nǹkan bíi mítà 2,414, ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 24. Ó fi gígùn ara ẹṣin 31 ju èyí tó ṣe ipò kejì lọ. Kò tíì sí ẹṣin tó sá Belmont yá tó bẹ́ẹ̀ títí dòní. Gbogbo ayé ló ti mọ̀ pé òun ni yóò borí, nítorí náà dọ́là 2 tí èèyàn bá fi ta tẹ́tẹ́ lé e lórí, dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 20 péré ló ń mú bọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì 5,617 tó jẹ lọ́jọ́ yẹn ni ẹnikẹ́ni ò mú padà wá gbowó. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni ín gbé e pamọ́ fún ìrántí. Èmi ò fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ o, àwọn Alfa wa á sì bá mi wí tí mo bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ tí kò gba owó rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ẹṣin ló wá wò.

Sham ni mo fẹ́ kí ẹ máa rántí jù. Òun ló ṣe ipò kejì lẹ́yìn Secretariat ní Kentucky Derby àti ní Preakness, ìje ńlá méjì tó ṣáájú Belmont lọ́dún yẹn. Ká ní Secretariat ò sí láyé, bóyá Sham là bá máa pìtàn rẹ̀ lónìí. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ní Belmont, Sham kò tilẹ̀ dúró kí tiwájú lọ kó tó wò ó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti bá a du ú, wọ́n jọ sá apá àkọ́kọ́ ìje náà ní eré àsápajúdé. Ẹṣin márùn-ún ló sá ìje yẹn, Sham ló gbẹ̀yìn. Kò tún sá ìje mìíràn mọ́ láyé rẹ̀.

Sham pọ̀ lọ́jọ́ dọ́bà. Alhaji kan á rí i pé ẹṣin ẹgbẹ́ òun gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, àwọn èèyàn hó yèè, òun náà á ní kí wọ́n fi kẹ́sẹ́ gún tòun. Ẹṣin tòun yìí wà lórí ìso láti ọjọ́ pípẹ́, kò rìn, kò sáré, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kó ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín. Tó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí Sálà, ẹ lọ kí wọn nílé, kí ẹ sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á rìn láràárọ̀, kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Àwọn baba ẹlẹ́ṣin mọ èyí tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ kí dókítà wí i ni, kí wọ́n lè rí nǹkan fi bá àwọn ọmọ wọn jà.

Secretariat kú lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1989. Ẹnu ya Dókítà Thomas Swerczek tó la òkú rẹ̀ sí bí ọkàn rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ẹ máa kà á níbi gbogbo pé ó tó pọ́n-ùn 22, ìyẹn nǹkan bíi kílò 10. Kò sí ẹni tó gbé ọkàn yẹn lé ìwọ̀n. Ìgbà tí Sham náà kú, tí dókítà yìí gbé ọkàn tirẹ̀ lé ìwọ̀n tó rí pọ́n-ùn 18, ló tó ti ibẹ̀ fojú díwọ̀n ti Secretariat. Ẹ wá wo Phar Lap, ẹṣin tí àwọn ará Ọsirélíà fẹ́ràn débi pé nígbà tó kú ní California ní 1932, wọ́n pín in. Awọ rẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Melbourne, egungun rẹ̀ wà ní New Zealand níbi tí wọ́n ti bí i, ọkàn rẹ̀ wà ní Canberra, kílò 6.2 lórí ìwọ̀n. Olólùfẹ́ lè sọ pé ọkàn ẹṣin òun tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú un. Dókítà ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sínú ìwé, kó jẹ́ èyí tí ẹ wọ̀n tàbí tí ẹ kà. Tó bá jẹ́ pé ẹ fojú díwọ̀n ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fojú díwọ̀n.

Kò wá túmọ̀ sí pé kí ẹ má gbọ́ tiwọn. Eddie Sweat, ọmọ adúláwọ̀ láti South Carolina, ló ń tọ́jú Secretariat lójoojúmọ́. Will Harbut ló wà nídìí Man o' War, ẹṣin tó borí nínú ìje 20 nínú 21. Òun ló ń mú àlejò yí ẹṣin náà ká, tó ń pìtàn rẹ̀ fún wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún. Harbut kú ní oṣù Kẹwàá 1947, ẹṣin náà sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 1 oṣù Kọkànlá. (Mi ò ní ìbànújẹ́ ló pa á o. Ọmọ 30 ọdún ni, ó ti gbó.)

Ní Ìlọrin náà, àwọn tó ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìso ẹṣin mọ ohun tí tẹmómítà ò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní apá Gàmbàrí pè mí lórí fóònù ní ìdájí. Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: “Dókítà, ó gbọ́ ìró abọ́ dúsà, kò yíjú.” (Dúsà ni èèpo ọkà tí wọ́n ń fún ẹṣin jẹ.) Nígbà tí mo débẹ̀, ẹṣin náà dúró jẹ́ẹ́, kò yí gbiri nílẹ̀, kò làágùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Mo gbọ́ àyà rẹ̀ lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ òsì: ọkàn ẹṣin tó ń sinmi máa ń lù láàárín 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, tirẹ̀ ti ré kọjá 60. Mo gbé ohun èlò tí mo fi ń gbọ́ àyà sí ìhà rẹ̀ níbi tó yẹ kí ìfun ti máa kùn, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ká ètè rẹ̀ sókè, erìgì rẹ̀ ti pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Inú rírun ni. Ẹṣin kì í lè bì, ohun tó bá ti gbé mì ti gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí inú rírun fi tètè ń pa á. A tètè dé ọ̀dọ̀ eléyìí torí pé ọkùnrin yẹn mọ bí ẹṣin rẹ̀ ṣe ń yíjú. Tí ẹ bá dé agbo ilé, ẹ kọ́kọ́ kí Alhaji tó ni ẹṣin dáadáa, torí a kì í fo àgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó mú okùn dání, kí ẹ bi í ohun tí ẹṣin ń ṣe lójoojúmọ́ tí kò ṣe lónìí.

Àrùn tó pa Secretariat ni laminitis, àrùn inú pátákò, òun náà ló pa ẹṣin eré ìje mìíràn tó ń jẹ́ Barbaro. Barbaro gba Kentucky Derby ní oṣù Karùn-ún 2006. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní Preakness, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ kété tí ìje bẹ̀rẹ̀. Dókítà Dean Richardson ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní New Bolton Center ní Pennsylvania, ó fi irin àti skúrù de egungun náà pọ̀. Àwọn èèyàn tí kò rí ẹṣin náà rí lójú kòròjú kó káàdì, òdòdó, ápù àti kárọ́ọ̀tì ránṣẹ́. Egungun tó ṣẹ́ ń jinná. Ẹsẹ̀ kejì tó ń gbé ẹrù méjì ni pátákò rẹ̀ bàjẹ́, lẹ́yìn náà tiwájú. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìíní 2007, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kó lọ sinmi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so egungun mọ́ ara pátákò láti inú. Tí ẹran yìí bá wú, kò sí àyè tó máa wú sí. Yóò já, egungun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Lọ́dọ̀ wa níbí, ohun tí mo sábà máa ń bá nídìí rẹ̀ ni ọkà. Bí Sálà bá ku ọ̀la, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ẹṣin ló máa mú nǹkan wá: ọkà bàbà, dúsà, ṣúgà, dàbínò, búrẹ́dì. Ẹnikẹ́ni ò mọ iye tí ẹlòmíràn ti fún un. Zenyatta, abo ẹṣin tó borí nínú ìje 19 nínú 20, Guinness wà lára ohun tí wọ́n ń fún un mu. Ẹ má dán an wò ní Ìlọrin, kì í sì í ṣe nítorí ẹṣin nìkan.

Tí ẹ bá rí ẹṣin tó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, tó fi ìdí gbé ara, tí kò fẹ́ yí padà, ẹ lóṣòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má kúnlẹ̀, kí ẹ lè tètè fò sẹ́yìn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan pátákò bóyá ó gbóná. Ẹ fi ìka méjì wá iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀. Lára ẹṣin tó le, ẹ máa wá a tì díẹ̀ kí ẹ tó rí i. Tó bá ń lù gbì-gbì sí yín níka kí ẹ tó wá a, kí wọ́n kó ọkà kúrò níwájú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n da yanrìn rírọ̀ sílẹ̀ fún un, kí ẹ wá ohun tí ẹ máa fi pẹ̀rọ̀ sí ìrora rẹ̀.

Ẹ má rò pé ẹṣin tó ń borí nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Ní Japan, abo ẹṣin kan wà tó ń jẹ́ Haru Urara, ó sá ìje 113, kò borí nínú ẹyọ kan. Ní 2004, èrò wọ́ lọ sí pápá ìje Kochi láti wò ó, wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ pé kò ní jẹ. Ẹṣin arúgbó tí bàbá kan so mọ́ ẹ̀yìnkùlé ní Òkè-Sùnà, tí kò lè jáde mọ́, ẹ fún un ní àkókò tí ẹ máa fún ti Balógun.

Ibi tó máa ń le ni kí ẹ sọ fún ẹlẹ́ṣin pé ẹṣin rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Ẹ má sọ ọ́ láàárín èrò. Ẹ lọ bá a nílé lálẹ́, kí ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin náà wà níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àrùn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ìka ara rẹ̀ kan iṣan tó ń lù yẹn, kó tún kan ti ẹṣin kejì tó le. Mo ti rí àgbà tó ń bínú sí mi tó dákẹ́ lẹ́yìn tó kan méjèèjì. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ti bèèrè ẹṣin mìíràn tó wà nílé àti bóyá gàárì àkọ́kọ́ bá a mu, kí ọ̀ṣọ́ náà lè bọ́ sára rẹ̀, kí ojú má ti Alhaji láàárín ẹgbẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí àti nọ́ńbà tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé dọ́bà, ẹ tètè jí, kí iná sì wà lórí fóònù yín, torí ọjọ́ yẹn ni ìpè máa ń pọ̀ jù.