Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ahoro: ohun tí ẹ̀rọ pXRF ń kà àti ohun tí àgbàdo ń rí jẹ

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà oko ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè bọ́ sí ibi tí àgbàdo ti dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ, tí àpáàdì sì fọ́n ká láàárín ebè. Àgbẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan kí ó tó mọ̀ pé ahoro ni ibẹ̀, pé àwọn kan ti gbé ibẹ̀ rí, tí wọ́n ń da eérú, egungun, ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí ilé sí ààtàn láti ọdún dé ọdún. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ohun tí ẹ̀rọ pXRF, ẹ̀rọ àgbéléwọ́ tí ń fi X-ray ka èròjà inú nǹkan, lè fi kún ìmọ̀ yẹn àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ, nítorí pé awalẹ̀pìtàn àti onímọ̀ ilẹ̀ ń fi ẹ̀rọ kan náà wá ìdáhùn sí ìbéèrè tí kò jọra.

Ẹ̀rọ náà rí bí ìbọn ìléwọ́. Ó ń ta X-ray sára ohun tí a bá gbé e lé, X-ray náà á lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan kúrò nínú átọ́ọ̀mù, òmíràn á bọ́ sí àyè rẹ̀, agbára tí ó bá ṣẹ́ kù á sì jáde gẹ́gẹ́ bí ìtànṣán tí ó jẹ́ ti èròjà yẹn nìkan. Ní ọdún 1913 ni Henry Moseley fi hàn pé agbára ìtànṣán yìí ń bá nọ́ńbà átọ́ọ̀mù èròjà náà lọ. Ti irin jẹ́ 6.40 keV (ìwọ̀n agbára ìtànṣán nìyẹn), ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tí àgbàdo ń jẹ tí ààtàn sì máa ń fi sílẹ̀, jẹ́ 2.01 péré, ibẹ̀ sì ni wàhálà onímọ̀ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtànṣán irin ń la afẹ́fẹ́ kọjá láìní ìṣòro, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ti tó láti gbé ti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mì, kí á má tilẹ̀ sọ ti omi inú erùpẹ̀. Sílíkọ́ọ̀nù, tí ó kún inú iyanrìn wa, tún wà nítòsí rẹ̀ ní 1.74, ó sì ń fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ní ti náítírójìn àti kábọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ náà kò rí wọn rárá. Ẹni tí ó bá sọ fún àgbẹ̀ pé òun fi pXRF wọn náítírójìn ilẹ̀ rẹ̀, ó ń tàn án jẹ ni.

Nítorí náà, èmi kì í ka kíkà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ṣe lórí ilẹ̀ tútù láàárín òjò kún. Erùpẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí a gún un kúnná, kí a fi asẹ́ kù ú, kí a rọ ọ́ sínú ife kékeré tí a fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ìdí rẹ̀, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó lè ki. Bí ọ̀rá yẹn bá hun jọ tàbí tí ó wú díẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ àárín, iye èròjà fífúyẹ́ á sì lọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú erùpẹ̀ náà. A tún gbọ́dọ̀ máa ka erùpẹ̀ mìíràn tí a ti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láàárín iṣẹ́, kí a lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ti ń ṣìnà.

Àpáàdì ní ìṣòro tirẹ̀. Èédú ìdáná máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, òkúta wẹ́wẹ́ inú amọ̀ sì lè mú kí ibi méjì lára àpáàdì kan náà fúnni ní iye èròjà síkóníọ́ọ̀mù tí ó jìnnà síra, nítorí náà ojú kan kò tó láti kà. Rùbídíọ́ọ̀mù, sítírọ́ńtíọ́ọ̀mù àti síkóníọ́ọ̀mù lè ràn wá lọ́wọ́ láti pín àpáàdì láti ibi bí Ọ̀yọ́-Ilé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n àpáta abẹ́ ilẹ̀ wa jọra káàkiri agbègbè tí ó gbòòrò, nítorí náà kí a pín wọn sí ọ̀wọ́ kò túmọ̀ sí pé a lè dárúkọ abúlé tí amọ̀kòkò gbé. Mo rò pé àwọn kan ń yára jù níbi tí ó yẹ kí wọ́n dúró.

Ọ̀rọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ó wù mí jù. Ilẹ̀ pupa wa kún fún ìpẹtà irin àti ti alumíníọ́ọ̀mù, tí ó máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú pinpin. Àgbẹ̀ lè fọ́n ajílẹ̀ sí i, kí ilẹ̀ gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ pamọ́, kí àgbàdo má rí i mu. Ìdìmú yìí kan náà ni ó ń ṣe awalẹ̀pìtàn lóore: bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún dé òmíràn, ohun tí ààtàn fi sílẹ̀ kì í ṣàn lọ tán. Onímọ̀ ilẹ̀ kan ni ó kọ́kọ́ tẹnu mọ́ èyí. Olof Arrhenius ń yẹ ilẹ̀ wò ní Sweden fún iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, ní nǹkan bí ọdún 1930, ó sì rí i pé ibi tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti pọ̀ bá ibùgbé àwọn ará àtijọ́ mu.

Àpapọ̀ ohun tí ó wà nínú erùpẹ̀ ni pXRF ń kà. Ó dà bí ẹni tí ó ka gbogbo àgbàdo inú àká láìbéèrè bóyá ilẹ̀kùn àká náà ṣeé ṣí. Àpapọ̀ yẹn gan-an ni awalẹ̀pìtàn ń fẹ́, nítorí pé ìyàtọ̀ láàárín inú ahoro àti ìta rẹ̀ ni ó ń wá. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ ń fẹ́ mọ èyí tí gbòǹgbò lè fà. Fún ìyẹn, omi kẹ́míkà ni a fi ń yọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí Bray àti Kurtz gbé jáde ní 1945. Àpapọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ilẹ̀ sábà máa ń tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílígíráàmù nínú kìlógíráàmù kan, nígbà tí ó jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni Bray máa ń yọ jáde.

Àgbàlagbà kan tí a lo oko rẹ̀ bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé ìbọn yín yìí lè sọ iye àpò ajílẹ̀ tí màá rà?” Mo ní, “Rárá, Bàbá, kò lè sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí á bù díẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni a wá gbé e wá ṣe nígbà náà.

Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò sí ohun tí ó yá tó ẹ̀rọ yìí fún. Nígbà tí òjé láti inú iṣẹ́ wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara ní ọdún 2010, òun ni wọ́n gbé wọ inú àwọn agbo ilé láti wá ilẹ̀ tí òjé ti wọ̀. Ní orí ahoro, bí a ṣe ń lò ó nìyí: a ó pín ilẹ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan, a ó bu erùpẹ̀ níbẹ̀, a ó sá a gbẹ, a ó sì fi pXRF kà á, kí ibi tí kálísíọ́ọ̀mù, sítírọ́ńtíọ́ọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti jọ ga lè fi ààlà ààtàn hàn wá. Lẹ́yìn náà ni a ó mú díẹ̀ láti inú ààlà náà àti díẹ̀ láti ìta lọ fún àyẹ̀wò Bray, èsì ìyẹn nìkan ni mo sì ń fi lé Bàbá lọ́wọ́.