Àpàlà láti pálọ̀ dé kíṣìnnì, láìná dátà

Ohun tí mo fẹ́ kò ju èyí lọ: kí orin tó ń dún ní pálọ̀ máa dún ní kíṣìnnì, ní yàrá Màmá lókè àti ní bárándà ẹ̀yìn, láìjẹ́ pé ẹnì kan ń yí fọ́lúùmù pálọ̀ sókè títí gbogbo Àkóbọ̀, àdúgbò wa n'Ìbàdàn, yóò fi mọ ohun tí à ń gbọ́. Àwọn tí mo kọ́kọ́ sọ fún ní kí n lọ ra sípíkà Bluetooth ńlá kan, ó parí. Kò parí o. Bluetooth ò mọ̀ ju ohun tó wà nítòsí rẹ̀ lọ. Bí ògiri búlọ́ọ̀kù bá ti wọ àárín òun àti fóònù, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí ẹnì kan bá sì pe fóònù yẹn, orin ti dákẹ́ nìyẹn.

Àwọn tí ọwọ́ wọn gbé e máa ń ra Sonos. Láti 2005 ni ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà yẹn ti ń ta ẹ̀rọ tó ń gbé orin káàkiri ilé, iṣẹ́ wọn sì mọ́. Ṣùgbọ́n a ò ṣaláìní sípíkà nílé tiwa. Bàbá Dámi jogún méjì onípákó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ẹni tó bá gbé wọn kúrò ní pálọ̀ ló mọ ohun tó ń wá. Méjì kékeré wà ní bárándà. Ti kíṣìnnì, ara ẹ̀rọ CD kan tó ti kú ni mo ti yọ ọ́. Ohun tí a ò ní ni ohun tí yóò máa gbé orin dé ìdí wọn. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Snapcast, ètò kọ̀ǹpútà kan tí Johannes Pohl kọ, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Kọ̀ǹpútà kan ni olórí. Tiwa jẹ́ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà. Inú rẹ̀ ni gbogbo orin wà: ètò kan tó ń jẹ́ MPD ló ń kọ ọ́, snapserver, apá Snapcast tó wà lórí olórí, ló ń pín in. Ní yàrá kọ̀ọ̀kan, Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré bí àtẹ́lẹwọ́, ń gba ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó ń tì í sínú amplifáyà kékeré, amplifáyà ń tì í sí sípíkà. Bí ẹ bá fẹ́ ra Pi Zero 2 W nítorí owó, ẹ rántí pé kò ní ihò tí a ń ki wáyà etí bọ̀, ẹ máa ra ohun tó ń sọ ọ́ di ohùn lọ́tọ̀. Pi 3 àtijọ́ ní ihò yẹn, kàn má retí kí ohùn ibẹ̀ dùn jù.

Kí orin dé yàrá mẹ́rin kò ṣòro. Kó dé wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni iṣẹ́ wà. Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kíṣìnnì bá fi ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju pálọ̀ lọ, bí ìgbà tí ẹ gbé sípíkà kíṣìnnì lọ sẹ́yìn ní mítà mẹ́tàdínlógún ni, ẹni tó bá sì dúró ní kọ́rídọ̀ á máa gbọ́ ohun gbogbo ní méjìméjì. Ó máa ń fọ́ni lórí. Gbogbo kọ̀ǹpútà ló sì ní aago tirẹ̀ nínú, kò sí méjì nínú wọn tó ń rìn dọ́gba.

Ohun tí Snapcast ṣe sí i ni pé ó ń gé orin sí wẹ́wẹ́, ó sì ń kọ àkókò sára ègé kọ̀ọ̀kan: ìwọ, aago báyìí ni kí o dún. Àwọn Pi ń bi olórí wọn léèrè ṣáá pé kí ni aago wí. Èyí tó bá fẹ́ẹ́ ṣíwájú tàbí tó fẹ́ẹ́ rẹ̀yìn á yọ bíńtín kúrò nínú orin, tàbí kó fi bíńtín kún un, etí ò sì ní mọ̀. Gúdúgúdú ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín onílù: kì í dárà, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Ìyàtọ̀ tó máa ń kù láàárín yàrá kan àti èkejì kì í sábà tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Nítorí èyí, orin máa ń dúró díẹ̀ kó tó dún, ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko bí ẹ ò bá yí i padà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, á ṣì sọ tẹnu rẹ̀ tán. Fún orin, kò burú. Fún fíìmù, ẹ má dán an wò: òṣèré á ti pa ẹnu dé kí ẹ tó gbọ́ ohun tó sọ.

Pálọ̀ ló fún mi níṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ojú HDMI (ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n) ni ohùn ń gbà wọ amplifáyà ibẹ̀, amplifáyà náà sì ń fi àkókò tirẹ̀ tún un ṣe kó tó tì í jáde, Snapcast ò lè mọ ìyẹn. Àyè wà nínú Snapcast láti kọ nọ́ńbà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, láti fi bá a san án; ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á. Agogo ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹ má fi ohùn olórin wọ̀n ọ́n, nítorí a kì í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìró agogo mú. Mo dúró ní kọ́rídọ̀, etí kan sí pálọ̀, etí kan sí kíṣìnnì, fóònù lọ́wọ́ mi. Kọ́-kọ́, kọ́-kọ́, agogo méjì. Mo gbé nọ́ńbà pálọ̀ sí 40, wọ́n súnmọ́ra. Mo gbé e sí 60, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, ó kàn ń ní ìrù lẹ́yìn. Ní 75, kọ́. Ẹyọ kan. Mo rìn láti pálọ̀ dé ìdí sítóòfù, mo tún padà, agogo ò yẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ lè fa wáyà, ẹ fa wáyà. Wi-Fi 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni gbogbo aládùúgbò wà. 5 GHz yá, ògiri méjì sì ti tó láti dá a dúró. Orin lè fara da Wi-Fi tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tó bá jẹ́ yàrá kan. Bí yàrá kan bá já nínú mẹ́rin, gbogbo ilé ló máa gbọ́.

Ọkùnrin tó bá wa fa iná fẹ́ ti wáyà Cat6, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bọ inú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Mádàámù, wáyà wáyà náà ni." Kì í ṣe ọ̀kan náà rárá: ìkan lè pa èèyàn, èkejì ń gbé ọ̀rọ̀, bí iná bá fò láti ara ìkan sí èkejì, ẹ̀rọ àti ẹni tó fọwọ́ kàn án ni yóò fara gbá a. A gbẹ́ páìpù tiwọn lọ́tọ̀. Orí wáyà ni èmi fúnra mi dì: funfun olómi ọsàn, olómi ọsàn, funfun aláwọ̀ ewé, búlúù, funfun olóbúlúù, àwọ̀ ewé, funfun oníbúráùn, búráùn. Ẹ tò ó bẹ́ẹ̀ ní orí méjèèjì, ẹ gé e dọ́gba, ẹ tì í wọ orí oníke títí gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi kan ògiri iwájú, kí ẹ tó fún orí náà pinpin.

Ọ̀rọ̀ dátà wá. Gbogbo ẹni tó wọ ilé wa ló ń béèrè pé, "Ṣé dátà yín ò ní tán?" Orin tó wà lórí láptọ́ọ̀pù wa, tó gba suwíìṣì wa (àpótí tó ń so wáyà àwọn ẹ̀rọ pọ̀) kọjá lọ sí kíṣìnnì wa, kò jáde nílé. Ẹ yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́yìn ráútà, á máa dún lọ. Yàrá kan kì í gbà ju nǹkan bíi mẹ́gábíìtì kan ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, bí ẹ kò bá tilẹ̀ fún un pọ̀. Suwíìṣì oní-mẹ́gábíìtì 100 tó kéré jù lọ lọ́jà lè gbé àdúgbò wa.

Iná NEPA ló yẹ kí ẹ ro ti rẹ̀ kí ẹ tó ro ti dátà. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì nígbà tí Pi ń kọ nǹkan sórí káàdì rẹ̀, káàdì lè bàjẹ́. Ẹ wọ raspi-config, ètò tí a fi ń tún Pi tò, ẹ tan overlay, kó má lè kọ ohunkóhun sórí káàdì mọ́, kí wọ́n wá máa mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n. Ráútà, suwíìṣì àti láptọ́ọ̀pù wà lórí ínfátà. Amplifáyà pálọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń jẹ bátìrì jù.

Màmá nìkan ni kò yà lẹ́nu. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé ní Òkè-Àdó, àpótí kan wà lára ògiri ilé bàbá òun, wáyà ló ń gbé ohùn wá síbẹ̀, gbogbo ilé tó ní i ládùúgbò sì ń gbọ́ ohun kan náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Èkó ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣé èyí ni ẹ̀ ń làágùn lé lórí?" Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aago kọ̀ǹpútà fún un. Ó ní, "Tiwa kì í pẹ́." Òótọ́ ni. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń gé e láàárín: bí ohùn bá ti wọ wáyà ní ibùdó, kíá ló ti dé gbogbo ilé, kò sí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ń yí.

Ohun tí asọ̀rọ̀mágbèsì ò lè ṣe ni kí yàrá kan yapa. Mo ti ya yàrá Màmá sọ́tọ̀ báyìí: rédíò ló ń gbọ́ láàárọ̀ (ìyẹn ń jẹ dátà, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan), àwa ń gbọ́ tiwa nísàlẹ̀. Bó bá fẹ́ bá wa dá sí i, ó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ló lè pàṣẹ fún yàrá yòówù. Bí mo ṣe tò ó, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pásíwọ́ọ̀dù. Dámi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti mọ̀. Láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló ti ń pa àpàlà bàbá rẹ̀ lẹ́nu mọ́ ní bárándà, Bàbá Dámi á dìde, á lọ gbá amplifáyà lórí, á ní wáyà tí mo fà ni kò dáa. N ò tíì sọ fún un.