Oògùn túúlu: ẹ má dúró dìgbà tó bá gorí tán

Nídìí ẹ̀fọ́rí túúlu (migraine), iṣan kan wà tó ń jẹ́ trigeminal, òun ló ń gbé ìrora ojú àti ti awọ tó bo ọpọlọ. Tó bá ta gìrì, á tu èròjà CGRP síta. Èyí á fẹ òpó ẹ̀jẹ̀, á sì máa rán ìrora wọ ọpọlọ. Iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ló gba ẹ̀bùn Brain Prize fún onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Lars Edvinsson àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní 2021.

Sumatriptan, oògùn túúlu kan, máa ń dí CGRP lọ́nà kó tó tú jáde. 50 mg ni àgbàlagbà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀; ó lè gba 100 mg. Kété tí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ni kí ẹ gbé e mì. Bí ojú bá ṣì ń rí mànàmáná tí orí ò tíì fọ́, ẹ mú sùúrù díẹ̀. Àmọ́ tó bá ti dé ibi tí ooyà ò ṣeé fi kan irun, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ti gba ìrora náà ṣe, ipá oògùn á sì dín kù.

Bí ẹ̀fọ́rí bá lọ tó tún padà, ẹ lè lo ìkejì lẹ́yìn wákàtí 2, kí gbogbo rẹ̀ má ju 200 mg lọ ní wákàtí 24. Tí àkọ́kọ́ ò bá ta rárá, ẹ má wulẹ̀ fi ìkejì kún un. Nítorí pé ó ń fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kò yẹ ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀.

Inú náà máa ń lọ́ra nígbà túúlu (ìdí nìyí tí pánádọ̀ lásán fi máa ń já ọ̀pọ̀ kulẹ̀), torí náà dókítà lè fi metoclopramide 10 mg, oògùn tó ń mú kí inú ṣiṣẹ́, sí i.

Oògùn túúlu mìíràn, rimegepant, kì í fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ibi tí CGRP ń bà sí ló ń dí. 75 mg, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 24. Erenumab, abẹ́rẹ́ oṣooṣù, ń ṣe bákan náà láti dènà túúlu. Oògùn àtijọ́ propranolol náà ṣì dáa fún ìdènà, àfi fún oní-ásímà.

Ẹ fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lo oògùn. Tí sumatriptan bá ń pé ọjọ́ 10 lóṣù, tàbí pánádọ̀ ọjọ́ 15, oògùn fúnra rẹ̀ lè di ohun tó ń fọ́ yín lórí.