Ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ń ro yín, ẹ má tètè sọ ọ́ lórúkọ o. Èmi sọ tèmi lórúkọ, oṣù 3 gbáko ni mo fi mu àgbo jẹ̀dí, àgbo kíkorò bí nǹkan míì, ẹ̀yìn ò sì gbọ́.

Iyán ni mò ń tà l'Adó. Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé tá ò bá tíì jẹ iyán, a ò tíì jẹun, torí náà láti àárọ̀ ni mo ti ń gún un, màá bẹ̀rẹ̀ gbé ìkòkò iṣu kúrò lórí iná, màá tún lọ pọn omi wá sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, mo ní mínírà tí mò ń mu ló fà á. Oníkẹ́míìsì ní jẹ̀dí ni, ìyá mi ní làkúrègbé ni, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ sídìí ìkòkò, àfi wàì! Ìrora gba ìdí ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ẹsẹ̀ bí ìgbà tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì gbé èèyàn. Tí mo bá sín, ó burú. Tí mo bá jókòó sórí ọ̀kadà ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, dókítà ò tiẹ̀ dárúkọ ṣúgà rárá. Ó ní kí n sùn kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè gbọọrọ láì ká orúnkún, kò tíì dé ìdajì tí mo fi kígbe. Ó wá ṣàlàyé pé eegun 5 ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, nǹkan kan wà láàárín wọn bíi tìmùtìmù, òun ló ti yọ síta tó ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Ó ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn ò tó báyẹn, ẹran ara ló kàn fà, á sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ní kó ya ẹ̀ksíréè fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní eegun ni ẹ̀ksíréè ń fi hàn, kì í fi tìmùtìmù hàn. Jẹ̀dí ńkọ́? Ó ní ẹnu ihò ìdí ni jẹ̀dí wà, ibẹ̀ ló ti ń dunni, tí ẹ̀jẹ̀ sì lè bá ìgbẹ́ jáde.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ní kí n má dùbúlẹ̀! Èmi tí mo ti palẹ̀ mọ́ láti sùn fún oṣù kan. Wọ́n ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, tí mo bá fẹ́ gbé nǹkan kí n lóṣòó, kí n gbé e mọ́ àyà, kí n má yí ìbàdí. Wọ́n tún bá mi wí pé mò ń lo oògùn ìrora lójoojúmọ́ lórí àgbo, pé ó lè dá egbò sí ikùn.

Ohun tó ń bani lẹ́rù rèé. Tí o kò bá lè tọ̀, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, tí ibi tá a fi ń jókòó kú tipiri, tí ẹsẹ̀ rọ débi tí sílípáàsì ń bọ́, má dúró dọ̀la, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o lọ. Ẹ̀yìn tó bá tún ń dunni pẹ̀lú ibà, tàbí téèyàn ń rù láìnídìí, tàbí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn lóru, ẹ má mú un ní eré. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ ti lé ní 50 ọdún, jẹjẹrẹ próstéètì máa ń ràn dé eegun ẹ̀yìn o. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ ìhà ló ń dùn, tí ìtọ̀ ń ta èèyàn, tí ibà tún wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ kíndìnrín.

Mo ti gba ọmọkùnrin kan tá a jọ ń gún iyán báyìí, owó ẹ̀ ń dùn mí ju ẹ̀yìn lọ jàre. Ìyá mi ṣì ní làkúrègbé ni, mo ti fi wọ́n sílẹ̀.